Gienia Lọ Gbọ́ Kàkàkí ní Kraków

Ẹ má bi mí léèrè Bogusia. Bí a bá pàdé lórí àtẹ̀gùn, mo ń kí i, torí pé ilé kan náà là ń gbé, ṣùgbọ́n kí n dúró bá a ṣàwàdà bíi ti tẹ́lẹ̀, ó tán. Ọ̀rọ̀ Gienia ni mo fẹ́ sọ. Inú ṣì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, bí mo bá sì pariwo níbì kan, ẹ bá mi fara mọ́ ọn.

Genowefa ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n ṣèrìbọmi fún un, ṣùgbọ́n gbogbo Przeworsk ń pè é ní Gienia. Èmi ń pè é ní Àǹtí Gienia, torí ó ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì kọjú sí tèmi. Ojú bọ́tìnnì ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán kóòtù. Ojú bọ́tìnnì nìkan o! Ẹlòmíràn ń rán apá, ẹlòmíràn ń rán ọrùn, tirẹ̀ ni kó gé ojú bọ́tìnnì kó sì rán an yíká, títí wọ́n fi ti ilé iṣẹ́ náà pa. Kazek ọkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ rélùwéè, ó sì ti kú kí n tó kó dé ilé yìí. Wọn ò bímọ. Bogusia ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹni tó ní láyé. Gienia ló rán aṣọ ìgbéyàwó Bogusia, òun ló gbé ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìrìbọmi, òun náà ló sì bá a tọ́jú ọmọ náà nígbà tí Bogusia ń jó kiri.

Rédíò kan wà lókè lára ògiri ilé iṣẹ́ yẹn. Tó bá ti di ọ̀sán gangan, kàkàkí á dún nínú rẹ̀ láti Kraków. Kò sẹ́ni tí kò mọ kàkàkí yẹn ní Poland. Ọkùnrin kan á dúró lórí ilé gogoro ṣọ́ọ̀ṣì Màríà Mímọ́, á fun ún, orin á máa lọ, á sì já lójijì láàárín. Wọ́n ní ọfà ló ba ẹni tó ń fun ún lọ́fun láyé ọjọ́un nígbà tí ogun ń wọ̀lú bọ̀, ibi tó fun ún dé lọ́jọ́ náà ni wọ́n ń fun ún dé títí dòní. Bó bá ti já báyìí, àwọn obìnrin á pa ẹ̀rọ, wọ́n á tú búrẹ́dì wọn. Gienia nìkan ni kì í tú tirẹ̀. Á jókòó fúngbà díẹ̀ ná, ọwọ́ lórí itan.

"Gienia, ṣé ọkọ ẹ ló ń fun ún ni?" ni wọ́n máa ń bi í.

"Ẹ ṣáà máa yọ̀ mí," á ní. "Lọ́jọ́ kan, màá dúró lábẹ́ ẹ̀, màá gbójú sókè, màá rí i."

Obìnrin kan tí wọ́n bí ní Kraków ló jókòó ti ẹ̀rọ tó tẹ̀ lé tirẹ̀, ó sì sọ gbogbo bó ṣe ń rí fún un, kò fi kankan pa mọ́. Ó sọ bí ilé gogoro méjèèjì ṣe ga jura wọn lọ, bí pátákò ẹṣin ṣe ń dún lórí òkúta, àti bí afunkàkàkí ṣe máa ń na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé tó bá fun ún tán, á juwọ́ sí àwọn tó wà nísàlẹ̀, àwọn náà á sì juwọ́ padà. Ìjuwọ́ yẹn ló dùn mọ́ Gienia nínú jù. Ó sọ ọ́ fún mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè bá a parí ẹ̀.

Àmọ́ kì í lọ. Lónìí Kazek ń ṣàìsàn, lọ́la owó iná, lọ́dún tó ń bọ̀. Ìgbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ni ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ìmọ́lẹ̀ ló ń rí, àti òjìji, àti àwọ̀ pupa. Dókítà ní Rzeszów ò fi epo bọ iyọ̀: kí yìnyín tó bọ́, gbogbo rẹ̀ á ti tán. Gienia dé láti ọ̀dọ̀ dókítà, kò bọ́ kóòtù, ó kan ilẹ̀kùn Bogusia.

"Bogusia, mú mi lọ sí Kraków."

Bogusia ní òun á mú un lọ, kì í tiẹ̀ ṣe Kraków nìkan, àwọn á fi ṣe ìgbádùn. Wọ́n á kọ́kọ́ dé Rzeszów, wọ́n á sùn ní Tarnów, wọ́n á sì wọ Kraków kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹnu rẹ̀ dùn, èmi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ibi tí Bogusia bá wà, ẹ̀rín ò ní wọ́n níbẹ̀.

Èmi ni mo gbé báàgì Gienia dé ibùdókọ̀ rélùwéè. Ẹyin sísè, búrẹ́dì àti tíì gbígbóná ló kó sínú rẹ̀, bí gbogbo àwa ará ibí ṣe máa ń ṣe tí a bá wọ rélùwéè. Bogusia dé pẹ̀lú ìborùn pupa lọ́rùn.

"Pupa ni mo wé torí ẹ," ó ní. "Tó bá sọnù lójú ẹ, kígbe."

Gienia fọwọ́ kan ìborùn náà, ó sì rẹ́rìn-ín bí ọmọ ilé ìwé. "Ọ̀rẹ́ ló ń ṣe báyìí," ó sọ fún mi. Mo gbà á gbọ́.

Nígbà tí wọ́n padà dé, èmi náà ni mo lọ pàdé wọn. Oòrùn ti pa Bogusia lójú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń run ọtí díẹ̀. Gienia ń bọ̀ lẹ́yìn, ó di apá rẹ̀ mú.

"Àǹtí, ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Ṣé ó juwọ́ sí yín?"

Ó tún apá Bogusia dì mú dáadáa. "Wọ́n ní ó juwọ́."

Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Mo gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, a sì rìn lọ sílé.

Ọjọ́ orúkọ Bogusia bọ́ sí ìgbà tí Kérésìmesì ti súnmọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ọjọ́ orúkọ, ìyẹn ọjọ́ ẹni mímọ́ tí èèyàn ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ju ọjọ́ ìbí lọ. Kò sẹ́ni tó ń pe ẹnikẹ́ni. Ìwọ tó ni orúkọ á dáná, o ò ní ti ilẹ̀kùn pa, ẹni tó bá rántí ẹ á wá, á mú òdòdó dání. Mo ra márùn-ún. Ọmọ kékeré mọ̀ ọ́n nílẹ̀ wa: ẹyọ kan, mẹ́ta, márùn-ún, ti alààyè nìyẹn. Méjì, mẹ́rin, mẹ́fà, ibojì là ń gbé e lọ. Ẹni tó ń ta òdòdó gan-an á bi ẹ́ kó tó dì í, "Ilé ni àbí itẹ́ òkú?"

A kún tábìlì. Ẹja inú òróró wà níbẹ̀, kéèkì wà níbẹ̀, ọtí líle ń lọ yíká nínú kọ́ọ̀bù kékeré. Gienia ò tíì dé. Ẹnì kan wá bi Bogusia léèrè bí ìrìn àjò wọn ṣe rí. Bogusia nu ẹnu, ó dìde, ó sì kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn.

"Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ n sọ ti Kraków fún yín! Ẹ búra pé ẹ ò ní sọ fún Gienia o."

Wọ́n búra. Ẹnu ò kọ ìbúra lórí ọtí.

"Ní Rzeszów, wọ́n mú wa wọ abẹ́ ilẹ̀, àwọn yàrá tí àwọn oníṣòwò àtijọ́ gbẹ́. Ó ṣú biribiri, mo ń forí gbá òkè. Gienia ní, 'Bogusia, má bẹ̀rù, di ọwọ́ mi mú.' Òun ló mú mi jáde níbẹ̀! Ibẹ̀ ni ìgbádùn mi mọ. A dé Tarnów. Ọjà àtijọ́ yẹn rẹwà, àmọ́ ṣé ó jẹ́ kí n fojú ara mi wò ó? 'Kí nìyẹn, Bogusia? Àwọ̀ wo ni? Fèrèsé mélòó ló ní?' Mo kà, mo kà, ẹnu mi gbẹ. Ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò! Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ṣàdédé rí Rysiek."

Àwọn obìnrin pariwo, "Rysiek wo? Rysiek tó máa ń bá ẹ jó?"

"Òun náà! Ó ti sanra, ìyàwó ẹ̀ ti kú, ó ti ní mọ́tò. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ní, 'Kraków kẹ̀? Èrò á tẹ̀ yín pa. Àbúrò mi ní ilé oúnjẹ, ẹ jẹ́ ká lọ jẹ sọ́séèjì.' Mo ní, Gienia ńkọ́? Ó ní, 'Kò ṣáà ríran. Ibi tó o bá ní Kraków wà, ibẹ̀ náà ni Kraków wà.'"

Ẹ̀rín bú. Ọkùnrin kan fọwọ́ gbá tábìlì. Mo gbé ṣíbí mi sílẹ̀.

"Rysiek bá gbé wa. Ó wa ọkọ̀ yípo, ó gba inú igbó, ó yà mu kọfí, ó tún padà sójú ọ̀nà kan náà. Gienia jókòó sẹ́yìn nínú aṣọ tó dáa jù tó ní, ó ń béèrè, 'Ṣé a ti dé Bochnia?' Rysiek á ní, 'A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ẹ̀ ni, màdáàmù.' Mo ki ìborùn bọ ẹnu!"

Ìlú àbúrò Rysiek ni wọ́n já sí. Bogusia dárúkọ ẹ̀. Èmi ò ní dárúkọ ẹ̀ níbí, àwọn ará ibẹ̀ ò ṣẹ̀ mí. Ìlú kékeré ni, ó ní gbàgede olókùúta, ó ní ẹyẹlé, ó ní ṣọ́ọ̀ṣì kan.

"Mo gbé e jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo ní, Gienia, Kraków rèé! Ó ní, 'Kí ló dé tí mi ò gbọ́ ẹṣin?' Mo ní oòrùn mú, wọ́n ti fà wọ́n sábẹ́ igi. Ó ní, 'Ilé gogoro méjì ni, òjìji ọ̀kan ni mò ń rí.' Mo ní wọ́n ń tún ìkejì ṣe, wọ́n ti faṣọ bò ó. Ó ní, 'Kò mà pariwo níbí o.' Mo ní wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rẹ́ yín ò tán nínú ìbéèrè! Nígbà tó di ọ̀sán, Rysiek gun bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ẹ̀ pẹ̀lú ikùn ńlá yẹn, ó ṣí rédíò lórí fóònù, ó nà án sókè gbọnrangandan. Kàkàkí bá bẹ̀rẹ̀. Gienia dìde dúró. Omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Bó ṣe já báyìí, Rysiek yára tẹ̀ ẹ́ pa kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ má bàá lanu."

"Kò fura?"

"Ó ní, 'Ṣé ó ti tán?' Mo ní ó ti tán. Mo ní, Gienia, ó ń juwọ́ sí ẹ o! Juwọ́! Áà, ẹ̀yin èèyàn, Gienia juwọ́! Báyìí!"

Bogusia na ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó la ojú sílẹ̀ láìwo ibì kankan, ó ya ẹnu díẹ̀, ó sì ń juwọ́ sí òrùlé. "Àwọn tó ń lá áísìkiriìmù dìde wò ó. Ọkùnrin kan ṣí fìlà fún un. Mo ní, ó ṣì ń juwọ́ sí ẹ, Gienia! Ó tún juwọ́!"

Ẹ̀rín tí wọ́n rín! Èmi ni mo kọ́kọ́ gbójú sókè. Gienia wà lẹ́nu ọ̀nà. Kóòtù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ọ̀pá wà lọ́wọ́ kan, òdòdó tí wọ́n fi bébà wé wà lọ́wọ́ kejì. Ilẹ̀kùn tí a ò tì ló bá wọlé. Àwọn tó kọjú síbẹ̀ rí i níkọ̀ọ̀kan, ẹ̀rín sì ń kú níkọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin tó ń gbá tábìlì fọwọ́ bo ẹnu. Bogusia tó kẹ̀yìn síbẹ̀ rò pé àwàdà òun ni kò dùn tó.

"Ẹ ò rẹ́rìn-ín mọ́? Ẹ wò ó dáadáa. Apá ọ̀tún sókè, báyìí ló ṣe!" Ó tún juwọ́.

Kò sẹ́ni tó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ tábìlì. Wọ́n fẹ́ wo bó ṣe máa parí ni, mo rí i lójú wọn.

"Apá òsì ni, Bogusia," Gienia sọ láti ẹnu ọ̀nà. "Apá òsì ni mo fi juwọ́. Ìwọ lo di ọ̀tún mú."

Ọwọ́ Bogusia dúró lókè. Nígbà tó yíjú padà, ojú rẹ̀ ti funfun.

"Gienia! Jókòó, jọ̀ọ́. Eré là ń ṣe o."

"Mi ò ní jókòó." Ohùn rẹ̀ ò le rárá. "Ìgbà mẹ́rin ló máa ń fun ún. Fèrèsé mẹ́rin ló wà lókè yẹn, á fun ún sí ìhà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ á gbọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbọ́. Mo dúró, mò ń retí ìkejì. O ní ó ti tán."

Bogusia wò wá. Kò sí ọ̀kan nínú wa tó mọ̀ ọ́n. Gbogbo wa ti ń gbọ́ kàkàkí yẹn láti kékeré, a sì rò pé a mọ̀ ọ́n, àmọ́ orí rédíò ni gbogbo wa ti ń gbọ́ ọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni rédíò sì máa ń gbé e.

"Tó o bá mọ̀," Bogusia wá ní, ohùn rẹ̀ ti ń le bọ̀, "kí ló dé tó o juwọ́?"

"Kí ni ǹ bá ṣe? Mi ò mọ ìlú tí mo wà. Mi ò mọ ta lẹni tó dúró lẹ́yìn mi tó ń mí gúlegúle. Ìwọ lo mọ ọ̀nà ilé. Mo juwọ́ kó o lè mú mi wá sílé."

Àánú ṣe mí dé ọkàn. Mo rò pé Bogusia á sunkún, á kúnlẹ̀, á ṣe nǹkan kan. Ẹ̀yin náà rò bẹ́ẹ̀, àbí? Obìnrin náà fọwọ́ lé ìbàdí!

"Ó dáa, ta ló tún lè mú ẹ lọ? Ta ló ka Tarnów fún ẹ ní òkúta kọ̀ọ̀kan? Àwọn tó jókòó yìí ni? Èwo nínú wọn ló ti bi ẹ́ rí pé ṣé o fẹ́ lọ síbì kan?"

Àwọn kan ń wo àwo oúnjẹ wọn.

"Òótọ́ lo sọ," Gienia ní. "Ìdí tí mo fi wá kí ẹ nìyẹn."

Ó fi ọ̀pá ti ara ògiri, ó tú bébà náà bí a ṣe máa ń tú u, ó ká a, ó fi sínú àpò kóòtù. Òdòdó pupa ni. Ó nà án síwájú. Bogusia gbà á kó tó wò ó. Lẹ́yìn náà ló wò ó, ètè rẹ̀ sì ń mì bó ṣe ń kà á. Obìnrin àgbàlagbà tó jókòó tì mí ṣe àmì àgbélébùú sí àyà.

Mẹ́rin ni.

"Ọ̀kan fún ìhà kọ̀ọ̀kan," Gienia ní. "Ọgọ́rùn-ún ọdún láyé, Bogusia." Bí a ṣe ń kí ẹni tó ni orúkọ nìyẹn, orin tí à ń kọ fún un náà nìyẹn. Kò sẹ́ni tó kọ orin. Bogusia ò lè gbé òdòdó náà sínú omi, kò sì lè jù ú nù lójú èèyàn. Ó ṣáà dì í mú.

Gienia ń fọwọ́ wá ọ̀pá rẹ̀ lára ògiri, kò rí i. Mo dìde, mo fi lé e lọ́wọ́, mo sì mú un jáde. Bá a ṣe ń sọ̀kalẹ̀, omijé ìbínú bò mí lójú débi pé èmi tó ń ríran ni mo fẹsẹ̀ kọ.

"Rọra," ó ní.

"Àǹtí, ẹ má dá ẹni yẹn lóhùn mọ́. Tí yìnyín bá ti yọ́, èmi á mú yín lọ. Kraków gan-an. A ó dúró lábẹ́ ẹ̀ títí á fi fun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

"O ṣeun, ọmọ mi. Kí n lọ wo kí ni?"

"Kí ẹ rí i. Bó tiẹ̀ jẹ́ òjìji."

Ó dúró sí iwájú ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. "Ó ti lọ. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ọjọ́ tá a dé, kùrukùru ló kàn ń nípọn sí i, ó sì ti wá di dúdú. Oòrùn mú gan-an lọ́jọ́ yẹn, mo rí ilé gogoro ọ̀kan yẹn dáadáa, mo rí ìborùn Bogusia. Mi ò tún rí nǹkan kan tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́." Ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ ihò, ó ṣí ilẹ̀kùn. "Kò tiẹ̀ sọ orúkọ ìlú náà fún mi. Ṣé ó dárúkọ ẹ̀ fún ẹ̀yin?"

"Ó dárúkọ ẹ̀."

"Kí ni wọ́n ń pè é?"

Mo sọ fún un. Ó rò ó títí, ó tún un pè lẹ́nu jẹ́jẹ́, ó sì mirí.

"Mi ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí," ó ní, ó sì ti ilẹ̀kùn.